Ọpọlọ Ẹgbọrọ Màlúù àti Oògùn Wèrè: Àyẹ̀wò Ìwé Ìwádìí Kan ti Ọdún 1976

Ìwé tí kò ju ojú ewé 3 lọ ni Ian Creese, David Burt àti Solomon Snyder tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní oṣù kẹrin ọdún 1976. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Philip Seeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, fi tẹ tiwọn jáde nínú Nature, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ìwé méjèèjì ń sọ: pé bí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè bá ṣe di ọpọlọ ẹran tí wọ́n lọ̀ kúnná mú tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ lára ènìyàn ṣe tó. Àwòrán ìlà tí wọ́n fi fi èyí hàn ti wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, àwọn olùkọ́ sì ti fi kọ́ ìran akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Iṣẹ́ tí ó bá ti gbajúmọ̀ tó báyìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa kà láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni ó fi hàn gan-an? Kí sì ni ó sọ kọjá ohun tí ó fi hàn?

Kí èyí tó lè yé ènìyàn, ó di dandan kí ó padà sẹ́yìn díẹ̀. Dópámìnì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fara kan ara wọn pátápátá; àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, ìránṣẹ́ náà ni ó sì ń la àlàfo náà kọjá. Ní òdì kejì, purotéènì kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìránṣẹ́ yìí, kí ó sì jẹ́ kí inú sẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ó dé. Olùgbà ni orúkọ tí ó bá a mu. Àrokò kì í ní ìtumọ̀ àfi bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni dópámìnì kò lè ṣe ohunkóhun níbi tí olùgbà rẹ̀ kò bá sí.

Ní ọdún 1957, Arvid Carlsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún àwọn ehoro ní oògùn tí ń jẹ́ reserpine, tí ń gbọ́n àwọn ìránṣẹ́ bíi dópámìnì gbẹ nínú ọpọlọ. Àwọn ehoro náà rọ jọwọrọ, etí wọn sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní DOPA, ohun tí ara fi ń ṣe dópámìnì, wọ́n tún dìde. Ní ọdún 1958 ni wọ́n fi hàn pé dópámìnì wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ó dára kí olùkọ́ ní Nàìjíríà mọ̀ pé reserpine kò jìnnà sí ilé. Lára gbòǹgbò igi kan tí ó hù ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n ó wà pẹ̀lú nínú asofẹ́yẹjẹ, tí í ṣe ìbátan igi náà, tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́. Dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa èyí nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Ìtàn oògùn wèrè tí ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn kan ní Paris ní ọdún 1952, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lo chlorpromazine. Ìbẹ̀rẹ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé.

Ní ọdún 1963, Carlsson àti Margit Lindqvist ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fún eku ní chlorpromazine tàbí haloperidol, àwọn ohun tí dópámìnì máa ń yà sí nígbà tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán a máa pọ̀ sí i. Èrò wọn ni pé oògùn náà ti jókòó sórí olùgbà, ìránṣẹ́ kò rí àyè wọlé, nítorí náà ni olùránṣẹ́ ṣe ń ránṣẹ́ léraléra, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn tí kò gbọ́ ìdáhùn, tí ó túbọ̀ ń kàn án kíkankíkan. Èrò tí ó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èrò ni títí di ìgbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kan olùgbà kankan. Ní ọdún 1972, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale, Kebabian, Petzold àti Greengard rí i pé dópámìnì a máa ru iṣẹ́ kan sókè nínú ọpọlọ eku tí wọ́n lọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ti tẹ olùgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Haloperidol, tí milígíráàmù díẹ̀ rẹ̀ ń ṣe lára aláìsàn ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún milígíráàmù chlorpromazine ń ṣe, kò fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn rárá nínú ìdánwò tiwọn. Bí ìdánwò bá sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ sí alágbára, ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn ni ìdánwò náà ń wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn ará Baltimore àti ti Toronto fi gba ọ̀nà mìíràn.

Ní odò ẹran ni iṣẹ́ ti Baltimore ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ ẹgbọrọ màlúù tí wọ́n pa fún jíjẹ ni wọ́n lò, nítorí pé ibi tí wọ́n ń wá nínú ọpọlọ kéré púpọ̀ lára eku. Kaudéètì ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oní-ìrù, nítorí bí ó ti rí. Ó wà nínú jíjìn ọpọlọ, dópámìnì sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibi púpọ̀ mìíràn lọ. Inú yìnyín ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó má baà bàjẹ́. Wọ́n á gé kaudéètì yọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná nínú omi tútù tí wọ́n ti fi èròjà ṣe kí ó má kan, kí ó má sì korò, wọ́n á wá gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń fi ìyára ńlá yí ìgò po títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi sílẹ̀. Wọ́n á da omi òkè nù, wọ́n á bu omi mìíràn sí i, wọ́n á tún yí i. Fífọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé dópámìnì ti ẹran náà fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí wọn kò bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, òun ni yóò gba ìjókòó ṣáájú àlejò.

Àlejò náà ni haloperidol tí wọ́n ti fi trítíọ̀mù sí lára. Háídírójìn tí ń tan ìtànṣán ni trítíọ̀mù, nítorí náà ibi yòówù tí oògùn náà bá wà, ẹ̀rọ lè ka ìtànṣán rẹ̀. Wọ́n á fi ìwọ̀n kín-ún rẹ̀ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti tún pò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 nínú ooru tí ó tó ti ara, wọn a sì dà á sórí asẹ́ tí wọ́n fi òwú dígí ṣe, tí ẹ̀rọ ń fa omi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, àfi pé òdì kejì ni: ohun tí ó bá kọjá nínú asẹ́ ni alógì ń fẹ́, ohun tí ó bá kù lórí asẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ń wá. Omi tútù ni wọ́n fi ń ṣàn án, kíákíá sì ni, nítorí pé òtútù kì í jẹ́ kí oògùn tètè jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé haloperidol a máa lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo: ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ó ń lẹ̀ mọ́ dígí, ó sì ń lẹ̀ mọ́ asẹ́ fúnra rẹ̀. Lílẹ̀ mọ́ nǹkan kò sì túmọ̀ sí pé oògùn ti rí olùgbà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú èyí ni ó yẹ kí wọ́n yìn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú ìgò kejì, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ oògùn tí kò ní ìtànṣán kún un kí ó lè gba gbogbo ìjókòó tòótọ́. Ìtànṣán tí ó bá kù, ti ìlẹ̀mọ́ lásán ni, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀. Wọn kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ butaclamol, oríṣi méjì ni ó sì ní, tí wọ́n jọ ara wọn bí ọwọ́ ọ̀tún ti jọ ọwọ́ òsì. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lára ẹranko, èkejì kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rá kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Olùgbà nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i pé èyí tí ń ṣiṣẹ́ ni ó ń lé haloperidol kúrò, tí èkejì kò sì lè lé e, ọkàn wọn balẹ̀. Ó sì tọ́ kí ó balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kó àwọn oògùn wèrè tí àwọn dókítà ń lò jọ, tí wọ́n wo ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò láti lé ìdajì haloperidol oníìtànṣán kúrò. Èyí tí ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀ tó láti lé e ni àwọn dókítà ń lò díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó gba ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀. Haloperidol tí ó ya òmùgọ̀ nínú ìdánwò ọdún 1972 wá bọ́ sí àyè tirẹ̀ lórí ìlà. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà hàn gbangba ní ọdún 1979, nígbà tí Kebabian àti Calne pín olùgbà dópámìnì sí D1 àti D2: D1 ni wọ́n ti ń wọ̀n ní Yale, D2 ni haloperidol ń dì mú.

Títí dé ibí, iṣẹ́ náà dára. Láti ibi àkọlé rẹ̀ ni àríwísí ti bẹ̀rẹ̀. Àkọlé náà sọ pé dídi olùgbà mú ń sọ agbára oògùn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ tẹ́lẹ̀ ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo oògùn tí ó wà lórí ìlà yẹn ni àwọn dókítà ti lò fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n sì ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Babaláwo tí ó dá ifá lẹ́yìn tí ọmọ ti bí, tí ó sì wí pé akọ ni yóò jẹ́, kò tíì sọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ìbáramu ni wọ́n rí, ìbáramu tí ó lágbára ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó wúwo ju ọ̀rọ̀ àkọlé lọ ni bí àwọn oògùn náà ṣe dé orí ìlà. Ìwé náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé dídi olùgbà mú bá àwọn ìdánwò ara ẹranko mu pẹ̀lú: bóyá oògùn lè dá eku tí wọ́n fún ní apomorphine tàbí amphetamine dúró, bóyá ó lè dá èébì dúró lára ajá tí apomorphine ń mú bì. Àwọn òǹkọ̀wé náà kà á sí ẹ̀rí tí ó gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n irú àwọn ìdánwò wọ̀nyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn fi ń ṣa oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀! Iṣẹ́ dópámìnì sì ni apomorphine ń ṣe. Oògùn tí kò bá lè dí dópámìnì lọ́wọ́ kò lè yege, kò sì lè dé ọwọ́ dókítà, débi tí yóò fi dé orí ìlà. Bí alásẹ́ bá sọ pé gbogbo ohun tí ó bọ́ nínú asẹ́ òun ni ó kúnná, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n nípa ihò asẹ́ ni ó ti sọ̀rọ̀ jù.

Ó tún yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ya ìlà náà sára pátákó fi ohun méjì yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 10, nítorí náà oògùn tí ó dà bí ẹni pé ó yà kúrò lórí ìlà díẹ̀ lè yà kúrò ní ìlọ́po 2 tàbí 3. Àwọn ará Toronto ṣe dáadáa ní ti èyí: wọ́n fa ìlà kékeré láti fi hàn bí ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò fún oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó.

Èkejì ni kókó ọ̀rọ̀ gan-an. Agbára tí ìlà náà ń wọ̀n ni iye milígíráàmù tí aláìsàn yóò gbé mì. Kò wọn bí ara aláìsàn yóò ṣe yá tó. Haloperidol lágbára ju chlorpromazine lọ ní ti pé díẹ̀ rẹ̀ tó. Kò fi bẹ́ẹ̀ wo ènìyàn sàn jù ú lọ. Ata wẹ́wẹ́ kan lè ta ju ata ńlá lọ, ìyẹn kò wí pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni yóò dùn jù. Clozapine ni ó fi èyí hàn kedere. Ọwọ́ tí clozapine fi ń di olùgbà D2 mú kò le, ìwọ̀n rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ láàárín àwọn aláìlágbára ni ìlà náà fi í sí. Ní ọdún 1975 ni ó pa àwọn aláìsàn kan ní Finland nípa bíba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi pa á tì. Ní ọdún 1988, John Kane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í wé chlorpromazine lára àwọn aláìsàn tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́, clozapine sì ta á yọ gan-an. Oògùn tí ìlà kà sí aláìlágbára ni ó ran àwọn tí alágbára ti já kulẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ohun kan nínú ìwé ọdún 1976 tí ó lè mú ẹnikẹ́ni fura sí èyí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kù ni ti orúkọ. Àwọn òǹkàwé kan a máa rò pé wọ́n yọ olùgbà jáde ní Baltimore. Wọn kò yọ ọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó wà lórí asẹ́, oríṣiríṣi purotéènì ni ó sì wà nínú rẹ̀. Láti ara ìtànṣán ni wọ́n ti mọ̀ pé olùgbà wà láàárín wọn, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé iná wà níbi tí èéfín ti ń rú. Ní ọdún 1979 ni Gorissen àti Laduron ní Bẹ́ljíọ̀mù fi digitonin, ohun kan tí ń yọ́ ọ̀rá tí wọ́n ń rí lára ewéko, tú olùgbà kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ajá tí kò sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó di ọdún 1988 kí Marc Caron àti àwọn tirẹ̀ tó lè ya D2 sọ́tọ̀ ní mímọ́. Kì í sì í ṣe láti inú kaudéètì, láti inú pítúítárì màlúù ni, ẹ̀yà kékeré tí ó so mọ́ abẹ́ ọpọlọ. Ní ọdún kan náà ni Bunzow, Civelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí jíìnì rẹ̀ lára eku, tí wọ́n sì ka ásíìdì ámínò 415 nínú rẹ̀. Ọdún 12 gbáko ni ó wà láàárín èéfín àti iná.

Ohun tí ó mú kí àríwísí yìí ṣe pàtàkì ni ibi tí àwọn ènìyàn gbé ìlà náà lọ. Ní ọdún 1976 kan náà ni Snyder kọ ìwé mìíràn fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ lórí àbá dópámìnì, tí ó fi olùgbà ṣe kókó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àbá náà fi di gbólóhùn kan nínú ìwé ẹ̀kọ́: pé dópámìnì tí ó pọ̀ jù ni ó ń fa skisofréníà. Ṣé nítorí pé oògùn ibà ń lé ooru ara lọ ni àìtó oògùn náà ṣe di ohun tí ń fa ibà? Ní ọdún 1978, àwọn ará Toronto tẹ̀ jáde pé àwọn rí olùgbà tí ó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo oògùn, Burt, Creese àti Snyder fúnra wọn sì ti fi hàn ní ọdún 1977 pé bí eku bá ń gba haloperidol lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, olùgbà rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ ìwòsàn ni ó ń ṣe ohun tí wọ́n kà sí àrùn. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn. Àwọn tí ó ya àwòrán ọpọlọ alààyè lẹ́yìn náà rí i pé, lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ọ̀dọ̀ olùránṣẹ́ ni ìyípadà ti hàn jù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe dópámìnì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùgbà. Ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ilé-ìwòsàn wèrè, tí ó sì ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ pé olùgbà ẹ̀gbọ́n òun ti pọ̀ jù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dájú ni wọ́n ń sọ fún un.

Kí ìdájọ́ má baà gún ẹnìkan lójú láìtọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ pé apá kan ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣì dúró gbọn-in. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Lars Farde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm fi àwòrán hàn pé, lára aláìsàn tí ó wà láàyè, àwọn oògùn wọ̀nyí ń jókòó sórí olùgbà D2 lóòótọ́, ní ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tẹ àwòrán D2 fúnra rẹ̀ jáde, pẹ̀lú oògùn risperidone tí ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ọ̀nà asẹ́ náà sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹranko là, nítorí pé kò di dandan mọ́ kí wọ́n mú ajá bì kí wọ́n tó mọ bí oògùn ṣe lágbára tó.

Ìrọ̀rùn yìí ni àwọn òǹkọ̀wé náà fi parí ọ̀rọ̀ wọn: pé ọ̀nà tí ó rọrùn nìyí láti dán oògùn tuntun wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn sì gbọ́. Fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí chlorpromazine, olùgbà dópámìnì ni àwọn oògùn skisofréníà ń di mú, àwọn aláìsàn sì ń rí èrè rẹ̀, wọ́n sì ń rí ìyà rẹ̀: ara líle, ìgbọ̀n ọwọ́, ẹnu tí ń jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n pa xanomeline àti trospium pọ̀ ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dá lórí dídí olùgbà dópámìnì, tí ó jẹ́ pé olùgbà ìránṣẹ́ mìíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń dán xanomeline wò, fún àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá síwájú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọpọlọ ẹgbọrọ màlúù ní Baltimore ní ọdún 1976, kí wọ́n wò ó bóyá yóò lé haloperidol kúrò lórí asẹ́, wọn ì bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò wúlò.